Bí a ṣe ń yan RAM àti graphics láptọ́ọ̀pù ní Ikeja kí owó má baà wọgbó

Àbúrò mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Yaba. Nígbà tó fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù, ohun tó kọ sínú fóònù rẹ̀ kó tó wọkọ̀ lọ sí Computer Village ní Ikeja kò ju èyí lọ: "RAM 8, graphics 4." RAM ni ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí; graphics ni apá tó ń ya àwòrán àti fídíò sójú síkírínì. Ọlọ́jà tó bá pàdé ní òun ní in. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó tẹ ibì kan, 4GB sì hàn kedere. Àbúrò mi sanwó, ó gbé e wálé ní Mushin. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló ṣí àwòrán ilé alájà méjì nínú Revit, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya ilé, ó fẹ́ yí ilé náà kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ dúró gbagidi. Fáànù rẹ̀ ń han bíi ẹ̀rọ ìlọta.

Mo tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager, ojú ewé tí Windows fi ń sọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀rọ, jáde, mo wo ibi tí graphics máa ń hàn sí. Intel UHD 620 nìkan ló wà níbẹ̀, irú graphics tó ń yá RAM lò. 4GB tí ọlọ́jà fi hàn án wà lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ti graphics kankan. Ìdajì RAM rẹ̀ ni wọ́n kà fún un lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a padà lọ, wọ́n ní ohun tó bèèrè ni àwọn tà fún un. Owó tí bàbá wa ti ń kó jọ láti oṣù mẹ́jọ ni.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí a tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, RAM ṣe é fi kún bí owó bá dé. Graphics kò ṣe é fi kún. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá ni yóò bá a dé àkìtàn. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín bá nílò graphics, graphics ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ fara mọ́ RAM kékeré fúngbà díẹ̀. Bí iṣẹ́ yín kò bá nílò rẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ lé e.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó jáde nílé

- Orúkọ gbogbo sọ́fítíwíà tí ẹ máa lò, àti iye RAM àti irú graphics tí àwọn tó ṣe é ní kí ẹ̀rọ ní. Ó wà lórí ìkànnì wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má gbà á lẹ́nu ọlọ́jà.
- Fíláàṣì 32GB. Ẹ gbé iṣẹ́ yín tó wúwo jù sínú rẹ̀, fídíò 4K kan (irú tó hàn kedere gan-an, tó sì wúwo), àti sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ GPU-Z, tó ń sọ irú graphics tó wà nínú ẹ̀rọ.
- Fóònù tó ní dátà, kí ẹ lè fún ẹ̀rọ náà ní íntánẹ́ẹ̀tì bó bá di dandan.
- Bírò, àti wákàtí méjì tí kò sí ohun tó ń lé yín. Ẹ lọ láàárọ̀. Ẹni tó bá dé Ikeja ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tó ń sáré kí gòsíló má baà ká a mọ́, kò ní ráyè yẹ nǹkan kan wò.

Bí ẹ bá ti bọ́ọ́lẹ̀ ní Ikeja, àwọn ọmọkùnrin á ti máa pè yín: "Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù ni àbí fóònù? Ẹ máa bọ̀ níbí." Ẹ kí wọn, kí ẹ sì máa lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù; ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ni wọ́n máa mú yín lọ, owó tiwọn á sì wà lórí iye tí ẹ máa san. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́la, ta lẹ máa wá? Ṣọ́ọ̀bù tó ní pátákó, tó ń kọ rìsíìtì, ni kí ẹ wọ̀, ì báà jẹ́ ní Otigba tàbí ní àdúgbò Medical Road.

1. Ẹ kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀, ẹ má kọ nọ́ńbà

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wí ni "mo fẹ́ èyí tó lágbára." Agbára wo? Ẹ kọ ohun mẹ́ta tó wúwo jù tí ẹ máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Oníṣòwò kan ní Balogun tó ń ṣí Excel, WhatsApp àti ojú ewé Chrome mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó tún ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí Zoom, RAM ni iṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó, tó ń ya ilé nínú Revit, tó ń fi Blender ya àwòrán oníhà mẹ́ta, tàbí tó ń gbá géèmù, graphics ni tirẹ̀ ń jẹ, RAM sì tẹ̀ lé e.

Ẹ ka ìwé yín sókè. Bí ẹ bá lè sọ nínú gbólóhùn kan bóyá ohun púpọ̀ tó ṣí pọ̀ ló ń dá yín dúró, tàbí àwòrán àti fídíò, ẹ ti parí ìgbésẹ̀ yìí.

2. Ẹ yan iye tó bá iṣẹ́ náà mu

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti RAM, nítorí òun ló rọrùn jù. Microsoft sọ pé 4GB ni èyí tó kéré jù tí Windows 11 lè dúró lé. Kó dúró yàtọ̀ sí kó ṣiṣẹ́. Ẹ má rà á. 8GB tó fún Word, Excel, Zoom, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì àti ìṣirò owó ọjà. 16GB ni kí ẹni tó ń lo Photoshop, ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe sọ́fítíwíà, ẹni tó ń gé fídíò tí kì í ṣe 4K àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo Revit máa wá. 32GB jẹ́ ti ẹni tí fídíò 4K tàbí After Effects (sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ fídíò) jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó kù, ẹ fi owó yẹn ra bátìrì tó dáa.

Ibi tí wọ́n ti ń gbá wa lójú ni graphics, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ níbẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ náà (processor) fúnra rẹ̀, bíi Intel UHD 620, Iris Xe tàbí Radeon Vega. Eléyìí kò ní yàrá tirẹ̀. Inú RAM ló ń gbé bí àlejò. Windows máa ń jẹ́ kó lò tó ìdajì RAM. Ìyẹn ni pé láptọ́ọ̀pù tó ní RAM 8GB á kọ nǹkan bíi 4GB síbi kan fún graphics, èyí tó ní 16GB á kọ nǹkan bíi 8GB. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni wọ́n fi hàn àbúrò mi. Bí àlejò bá sì ti ń jẹun, oúnjẹ onílé ló ń dín kù.

Oríṣi kejì dá dúró, ó ní yàrá tirẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, pátákó tí àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ jókòó lé. NVIDIA GeForce, NVIDIA Quadro àti àwọn Radeon kan ló wà ní ìpele yìí.

Ohun tí kálukú lè gbé rèé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i lọ́wọ́ ara mi. Intel UHD 620 tó fún fídíò wíwò, Zoom àti AutoCAD aláwòrán pẹlẹbẹ. Iris Xe àti Radeon Vega lè gbé Photoshop, fídíò kékeré àti géèmù tí kò wúwo. MX150 àti MX250 tó ní 2GB kò fi bẹ́ẹ̀ ju Iris Xe lọ, torí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ NVIDIA nìkan mú yín fi owó ńlá kún un. Láti GTX 1650 tàbí RTX 3050 tó ní 4GB ni Revit, Blender àti Premiere tí a fi ń gé fídíò ti ń mí dáadáa. RTX 3060 tó ní 6GB àti RTX 4060 tó ní 8GB jẹ́ ti ẹni tó fi ṣiṣẹ́ jẹun. Fún àwọn ayàwòrán ilé tí owó wọn kò pọ̀, ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n wá ni tòkunbọ̀ tí iléeṣẹ́ ti lò lókè òkun, bíi Dell Precision tàbí HP ZBook, tó ní Quadro P1000 tàbí P2000 oní-4GB. Ẹ̀rọ iṣẹ́ ni wọ́n. Wọn kò lẹ́wà, àmọ́ wọ́n ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀: GB graphics kọ́ ni agbára rẹ̀. Ẹ wo télọ̀. GB yẹn ni tábìlì tó ń tẹ́ aṣọ sí. Bí tábìlì bá fẹ̀ bíi pápá, tí ọwọ́ télọ̀ sì ń falẹ̀, aṣọ kò ní tètè jáde. GeForce 940MX tó ní 4GB wà lọ́jà, GTX 1050 tó ní 2GB náà wà, GTX 1050 sì fi ẹ̀yìn èkejì gbálẹ̀. Orúkọ graphics ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, GB lẹ́yìn.

Nígbà tí ẹ bá parí, ìlà kan ló yẹ kó wà nínú ìwé yín, bí irú èyí: "RAM 16, tàbí 8 tó ṣe é fi kún, Quadro P1000 tàbí GTX 1650 sókè." Bó bá ṣì jẹ́ "graphics 4" ni ẹ kọ, ẹ padà sókè kí ẹ tún un kà.

3. Ẹ mọ̀ bóyá RAM ẹ̀rọ náà ṣe é fi kún

Àwọn láptọ́ọ̀pù kan ní ihò tí a ń ki RAM sí. Àwọn mìíràn, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù láti iléeṣẹ́, kò sí ẹnjiníà tó máa bá yín fi ẹyọ kan kún un lórí káńtà. Nínú àwọn tó kún Ikeja, HP EliteBook 840 G5, Dell Latitude 7490 àti ThinkPad T480 ní ihò méjì. ThinkPad T480s àti T490 ní ihò kan, èyí tó kù ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù. ThinkPad X1 Carbon, Dell XPS 13 àti EliteBook x360 1030 kò ní ihò rárá. MacBook tó ní M1 sókè náà kò ní. RAM àti graphics rẹ̀ jọ ń jẹ nínú abọ́ kan ni, ohun tí ẹ bá rà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ máa lò títí.

Ẹ̀rọ tí kò ní ihò kò burú. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ ra 8GB, kí ẹ máa retí pé ẹ máa fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá sí ihò, iye tí ẹ máa nílò ní ọdún mẹ́ta sí i ni kí ẹ rà lónìí.

Ẹ tún wo ìran ọpọlọ ẹ̀rọ náà níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti wà níbẹ̀. Nínú i5-6200U, 6 ni ìran rẹ̀. Nínú i5-8350U, 8 ni. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Windows 11 sì ń fẹ́ ìran 8 sókè lára Intel. Ìdí nìyẹn tí ìran 6 àti 7 fi pọ̀ lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú. Bí ẹ bá rà á, ẹ mọ ohun tí ẹ rà.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ yan orúkọ ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta pàtó, kí ẹ sì ti mọ iye ihò tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

4. Ẹ yẹ RAM wò nínú ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin ni kí ẹ tan ẹ̀rọ náà. Ẹ má gba èyí tó ti wà ní títàn tẹ́lẹ̀; ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Bó bá ti ń jí, ẹ máa tẹ F10 lera lera fún HP, F2 fún Dell, F1 fún ThinkPad. Ojú ewé tó máa jáde kì í ṣe ti Windows, ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Memory" sí, kí ẹ kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sínú ìwé yín. Ọ̀rọ̀ tó wà lójú Windows ṣe é yí padà fún ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Ti ibí yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí Windows jí. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí "Performance", ẹ tẹ "Memory". Lókè lápá ọ̀tún ni gbogbo iye RAM wà. Nísàlẹ̀, ìlà mẹ́rin ni kí ẹ kà:

"Speed" ni ìyára rẹ̀. "Slots used" ń sọ iye ihò tó ní RAM nínú. Bó bá jẹ́ "1 of 2", ihò kan ṣófo, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn fún ẹni tó fẹ́ fi kún. "Form factor" ló ń táṣìírí: bó bá kọ "SODIMM", RAM yẹn ṣe é yọ, bó bá kọ "Row of chips", jíjó ni wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, bí "Slots used" tiẹ̀ ń sọ pé ihò méjì ló wà. Ìlà kẹrin, "Hardware reserved", ni èyí tí graphics ti gé mú kí Windows tó jí. Nínú ẹ̀rọ AMD kan, ó lè tó 2GB, kí 8GB yín wá di nǹkan bíi 6GB.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, ẹ kọ "mdsched", ẹ tẹ Enter, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ náà pa ara rẹ̀ kó tún jí, kó máa yẹ RAM wò. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ ra omi mu, ẹ máa ná ọjà lọ. Ọlọ́jà kan lè ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe tó báyìí o, ọjà mi dáa." Ẹ dá a lóhùn jẹ́ẹ́ pé ẹ gbà á gbọ́, àmọ́ ẹ máa dúró. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dáa á fún yín ní àga.

Ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí bí nọ́ńbà tó wà níta Windows bá bá ti inú rẹ̀ mu, tí Windows sì sọ pé òun kò rí àṣìṣe kankan.

5. Ẹ yẹ graphics wò

Ojú kan náà tí ẹ ti wo RAM lẹ máa wò. Nínú "Performance", ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí "GPU", orúkọ tí Windows ń pe graphics. Bí graphics tó dá dúró bá wà, ẹ máa rí méjì: GPU 0, tó sábà máa ń jẹ́ Intel, àti GPU 1, tí orúkọ NVIDIA tàbí AMD wà lára rẹ̀. Ẹ tẹ GPU 1. "Dedicated GPU memory" ni yàrá tirẹ̀. "Shared GPU memory" ni èyí tó fẹ́ yá lọ́wọ́ RAM. Ẹ fi ìka bo "Shared" kí ẹ gbàgbé pé ó wà.

Ọlọ́jà lè má mú yín lọ síbẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹ́ràn ni "Display adapter properties", níbi tí "Total Available Graphics Memory" ti kọ nọ́ńbà gbẹ̀ǹdẹ̀kú kan sókè. Àròpọ̀ ni. Ẹ wo ìlà tó wà lábẹ́ rẹ̀, "Dedicated Video Memory". Lára Intel, ẹ máa bá nǹkan bíi 128MB níbẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì wà lójú kan náà, bí ìka méjì lára ọwọ́ kan, èyí tó tóbi ni wọ́n sì ń nàka sí.

Sítíkà NVIDIA tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìtẹ̀wé kì í ṣe ẹ̀rí. Sítíkà ṣe é rà, ó sì ṣe é lẹ̀.

Bí ẹ bá rí "Microsoft Basic Display Adapter" dípò orúkọ graphics, díráfà rẹ̀, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kí Windows mọ̀ ọ́n lò, ni kò sí níbẹ̀. Ẹ má gba "ẹ máa fi sí i tẹ́ ẹ bá délé." Ẹ tan dátà fóònù yín, kí wọ́n fi sí i lójú yín. Graphics tó ti jóná náà máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wá ki fíláàṣì yín bọ̀ ọ́, ẹ ṣí GPU-Z. Á kọ orúkọ graphics náà àti iye rẹ̀ síta, a sì máa fi hàn bó bá jẹ́ ayédèrú.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń da àwọn tó ra ìran 11 láàmú. Wọ́n á ní Iris Xe ni, ẹ máa ṣí i, ẹ máa bá "Intel UHD Graphics". Ó lè má jẹ́ irọ́. Iris Xe ń fẹ́ kí RAM máa gba ọ̀nà méjì wọlé; bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú ihò, Windows á máa pè é ní UHD, á sì máa rìn bíi UHD. RAM 8GB oní-4 méjì nínú irú ẹ̀rọ yẹn lè yá jù 8GB oní-ẹyọ-kan lọ nídìí àwòrán. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹyọ kejì sí i kí ẹ rí i pẹ̀lú ojú yín.

Ohun tí ẹ ń wá ni pé orúkọ tó wà nínú ìwé yín, èyí tó wà ní "GPU 1" àti èyí tí GPU-Z kọ jẹ́ ọ̀kan náà, kí "Dedicated" sì pé.

6. Ẹ fi iṣẹ́ dán an wò

Ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ṣí iṣẹ́ yín láti inú fíláàṣì bí sọ́fítíwíà rẹ̀ bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ ṣí géèmù tó wà lórí ẹ̀rọ náà, fídíò 4K náà sì ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa wo GPU 1 nínú "Performance": ìlà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gòkè. Bó bá dùbúlẹ̀ sí 0 tí GPU 0 ń ṣe làálàá, ẹ má tíì pariwo. Lọ́pọ̀ ìgbà, Windows ló gbé iṣẹ́ náà fún Intel. Ẹ lọ sí "Settings", "System", "Display", "Graphics", ẹ yan sọ́fítíwíà náà, ẹ fún un ní "High performance", kí ẹ tún un ṣí.

Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òkè ibi ìtẹ̀wé. Gbígbóná wà nínú iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ bí ẹ kò bá lè fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tàbí bí ìlà aláwọ̀ bá ń fò lójú síkírínì, tàbí bó bá pa ara rẹ̀, ẹ gbé e padà fún wọn. Graphics ń kú lọ nìyẹn.

Nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ fa ṣájà yọ. Tòkunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti gbó lè kú lójijì níbí nítorí pé graphics ń fa iná ju bó ṣe lè fún un lọ. Ẹ̀yin tí iná ọba ń lọ mọ́ lọ́wọ́, ẹ mọ ohun tí ìyẹn máa ṣe fún iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́.

7. Ẹ ka ṣájà

Ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ fẹ̀ ẹ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Output" sí, ẹ sọ nọ́ńbà méjèèjì di ìlọ́po ara wọn. 19.5V ní ọ̀nà 3.34A jẹ́ 65W, èyí tó tó fún láptọ́ọ̀pù tí kò ní graphics tó dá dúró. Dell Precision 5530 ń fẹ́ 130W, ìyẹn 19.5V ní ọ̀nà 6.67A. Ẹ̀rọ géèmù ń lọ sí 180W sókè. Àṣà burúkú tó wà ni pé kí wọ́n ta ẹ̀rọ 130W fún yín pẹ̀lú ṣájà 65W. Á gbé e, ó sì lè máa ṣáájì, àmọ́ Dell á mọ̀, á rọra dín agbára ara rẹ̀ kù, ẹ̀yin á máa rò pé graphics ni kò dáa.

Ẹ ronú nípa iná ilé yín pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ íńfátà kékeré tàbí jẹnẹrétọ̀ tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" ló ń gbé fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù, ẹ ka 180W mọ́ wọn kí ẹ tó ra ẹ̀rọ géèmù.

8. Ẹ má jẹ́ kí ojú yín kúrò lára rẹ̀ títí ẹ fi máa jáde

Ẹ kọ nọ́ńbà sérìà tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ sínú ìwé kí ẹ tó ṣe tiransifáà. Ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí i tí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù wọ yàrá ẹ̀yìn "kí wọ́n bá bọ̀dá fi Office sí i", 16GB ló wọlé, 8GB ló jáde. Ẹyọ RAM kan ti dúró sẹ́yìn. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ fi sí i, orí káńtà, níwájú yín.

Kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì: orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà sérìà, iye RAM, orúkọ graphics àti GB rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. "Láptọ́ọ̀pù HP kan" kò tó. Rìsíìtì àbúrò mi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn péré ló wà lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kò fi rí ẹnu sọ.

Kí ẹ tó gbé e sínú báàgì, ẹ tún tẹ Ctrl, Shift, Esc lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣẹ́jú kan kò gùn.

9. Bí ẹ bá fẹ́ fi RAM kún lẹ́yìn ọ̀la

Ẹ yọ èyí tó wà níbẹ̀ (ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ, bí mo ṣe máa sọ nísàlẹ̀), ẹ mú un dání lọ sọ́jà. DDR3, DDR4 àti DDR5, tí wọ́n jẹ́ ìran RAM ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò bá ara wọn lọ. Ojú tí wọ́n gé sí abẹ́ wọn kò sí níbì kan náà, ẹ má fi agbára ki í. Ẹ̀rọ kan tó ń lo DDR3L kì í gba DDR3 lásán, nítorí iná 1.35V ni tirẹ̀, 1.5V sì ni ti èkejì. Iye tó dọ́gba ni kí ẹ fi kún, 8 mọ́ 8, kí ọ̀nà méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ìyára wọn bá yàtọ̀, èyí tó lọ́ra ni méjèèjì máa bá rìn.

Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ṣájà, ẹ fa wáyà bátìrì kúrò nínú bọ́ọ̀dù. Ẹ fi ọwọ́ kan irin kí iná ara yín lè lọ. Ẹ ki RAM náà wọ ihò ní dídagun díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀ títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi máa ké "kó." Bí ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe pé ó bàjẹ́, RAM náà ni kò wọlé tán. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un tẹ̀.

A ta ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn fún oníṣirò owó kan ní Ojúẹlẹ́gba, a sọ ohun tó jẹ́ fún un, ó sì tó iṣẹ́ rẹ̀. Owó rẹ̀ àti ìwọ̀nba tí mo fi kún un la fi ra Precision 5530 tó ní Quadro P1000, RAM 8GB ẹyọ kan. Fún oṣù mẹ́rin, àbúrò mi ń ti Chrome kó tó ṣí Revit. Nígbà tí owó dé, ó ra 8GB kejì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀, ó tú ìdí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó tẹ RAM wọlé, ó tan án. 16.0 GB. "Slots used: 2 of 2." Ó pè mí kí n wá wò ó, ó sì yí ilé alájà méjì náà títí tó fi dé ẹ̀yìn rẹ̀.